Ó Ku Ọkọ̀ Mélòó?

"Má mira! Ọwọ́ sókè!"

Gbàà! Ọlọ́ṣà kan tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́ ti já àpamọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà náà.

Ẹ má rò pé òru ni o. Ọ̀sán gangan ni! Òjò ń rọ̀ kíkankíkan, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan sì ń sáré bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú, vuuuum! Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń ja tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì lólè, obìnrin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, tó sì ní òun fẹ́ lọ sinmi létí òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ìsinmi àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀!

Ọlọ́ṣà mẹ́ta ni wọ́n. Jíà ló wà nídìí ọkọ̀, ó sì mọ ọkọ̀ wà débi pé ó lè gba àárín ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ kọjá kí wọ́n má mọ̀. Dákẹ́ jókòó ti tíṣà lẹ́yìn, ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń bá èèyàn sọ jù náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀gá wọn ló jókòó níwájú. Ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi irin lọ̀ dáadáa, táì lọ́rùn, agbòjò ńlá láàárín orúnkún. Bí ẹ bá rí i, ẹ óò ní máníjà báńkì ni. Ẹ-káàbọ̀ ni wọ́n ń pè é.

"Màmá, ẹ má bínú sí wa," Ẹ-káàbọ̀ wí láìbojú wẹ̀yìn. "Iṣẹ́ ni. Ẹ kó fóònù sílẹ̀, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ẹ sọ nọ́ńbà káàdì báńkì. Ẹ ò rí i pé kò le?"

"Báwo ni mo ṣe dé inú ọkọ̀ yìí?" ni tíṣà béèrè. "Mi ò rántí pé mo wọ ọkọ̀!"

"Dákẹ́!" ni Dákẹ́ wí.

Ẹ-káàbọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Wọn kì í rántí! Èmi kì í jalè, Màmá. Mo kàn máa ń kí èèyàn káàbọ̀ ni!"

Òótọ́ ló sọ, ìkà ènìyàn. Òrùka kan wà ní ìka àárín rẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá fi ọwọ́ yẹn na agbòjò sórí àlejò, tó ní "Ẹ káàbọ̀ o," tí àlejò bá fi lè dáhùn pé "Ẹ ṣé," ó ti parí. Ibi tó bá ní kí onítọ̀hún wọ̀, ibẹ̀ ni yóò wọ̀. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀. Ẹni tó ṣe òrùka náà fún un fà á létí gidi: "Ìwọ ni kí o máa kí èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá kí ìwọ káàbọ̀ pẹ́nrẹ́n, má dáhùn o! Ọjọ́ tí o bá dáhùn, ìwọ ni yóò mú."

Nítorí èyí, ọdún mẹ́rin ni Ẹ-káàbọ̀ kò fi dé ilé ìyá tó bí i. Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ máa wọlé tí kò ní kí i káàbọ̀? Ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Ìyá náà máa ń dá a padà, pé ojú ọmọ òun lòun fẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tó ń lé wọn bọ̀.

Níwájú ẹnu ọ̀nà tí àwọn tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù máa ń gbà jáde, àwọn onítakisí ní ìlà kan. Bàbá Ìlà ni olórí wọn. Ọdún méjìlélógún ló ti wà níbẹ̀, ìwé ńlá kan wà ní abíyá rẹ̀ tó máa ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí kí ó tó gbéra. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbé. Ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe oòrùn, ìbáà ṣe àna rẹ ni èrò náà, o kò gbọdọ̀ fo ìlà.

Òfin yìí ló fi pàdánù ìyàwó rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ìyàwó rẹ̀ lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ wọn lókè òkun, ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fa àpótí aláwọ̀ búlúù tí Bàbá Ìlà fúnra rẹ̀ so aṣọ pupa mọ́ létí kí ó má bàa gbé ti ẹlòmíì. Ó rẹ obìnrin náà tẹnutẹnu. Ó wá bá ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá wọn, ó ku ọkọ̀ mélòó kó kàn yín?"

"Ó ku mẹ́fà. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn dè mí."

"Mẹ́fà! Ẹ̀yin tí ẹ ṣòfin ọ̀hún, ṣé ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nítorí mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò tún pa á mọ́?"

Ọkọ̀ kìíní lọ. Ìkejì lọ. Ìkẹta. Nígbà tó máa fi kàn án, ó bojú wo bẹ́ǹṣì, kò sí èèyàn níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣáà sọ pé òun rí ọkùnrin alágbòjò kan tó ń sin obìnrin lọ sídìí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú.

Láti ọjọ́ náà, oorun ti di ọ̀tá Bàbá Ìlà. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti gbéra báyìí, tí ó sún síwájú díẹ̀, ó máa ń gbọ́ ohùn létí rẹ̀: "Bàbá wọn, ó ku mélòó?" Á wo ọ̀tún, á wo òsì. Bẹ́ǹṣì lásán ni.

Àwọn ẹlẹ́nu bí abẹ ní obìnrin náà ti lọ fẹ́ ẹlòmíì. Bàbá Ìlà kò bá wọn jà. Kò wá ọ̀nà àtigba àpótí padà, kò wá ẹ̀san. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìyàwó òun ti kú. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló fẹ́ mọ̀, kí ó lè sin ín bí wọ́n ṣe ń sin aya ẹni. Ìyẹn nìkan ló kù tó ń fẹ́ láyé.

Ó dára. Lọ́sàn-án òní, tíṣà jáde pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ó dúró lábẹ́ ìbòrí, ó ń ro ọ̀nà tí yóò gbà dé etí òkun. Bọ́ọ̀sì ńlá kò wọ́n, ṣùgbọ́n ibi tó máa já a sí jìnnà, òjò sì rèé. Ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Àfi kí ó pè wọ́n, kí ó tún dúró fún wákàtí kan. Kí ó háyà ọkọ̀ kí ó máa wà á fúnra rẹ̀? Ojú tí kò rí ìwé kà láìsí awò!

Ó yọ ìwé pélébé tí ọmọ rẹ̀ kọ fún un. *Màmá, ẹ má wọ ọkọ̀ tó bá wá bá yín. Èyí tí ẹ̀yin bá rìn lọ bá ni kí ẹ wọ̀.*

"Màmá!" Bàbá Ìlà ń ké láti ìdí ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ níbí! Ó ku ọkọ̀ kan péré!"

Tíṣà gbẹ́sẹ̀. Ó ti ń bọ̀. Àní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló kù!

Agbòjò ńlá kan bo orí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá! Ẹ kú ìrìn! Òjò yìí ò mà pa yín jù?"

Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé, ṣé kò ní dáhùn ni? "Ẹ ṣé o, ọmọ mi," ni tíṣà wí.

Ìwé ọmọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àgbàrá.

Bàbá Ìlà rí ìwé tó bọ́. Ó rí agbòjò. Ó rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú!

"Màmá! Ẹ má wọ̀ ọ́! Màmá!"

Ìyá kò wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ padé, gbìì! Vuuuum!

Ẹ wò ó, ọkọ̀ kan wà níwájú Bàbá Ìlà. Kò tíì kàn án. Ọdún méjìlélógún! Ó di sítíárìn mú. Ohùn yẹn sì tún dún létí rẹ̀, jẹ́jẹ́: "Bàbá wọn, ó ku mélòó?"

"Kò ku ẹyọ kan!" ni Bàbá Ìlà pariwo. Ó yí sítíárìn, ó tẹná, ó fo ìlà!

Awakọ̀ tó wà níwájú la ẹnu sílẹ̀. "Haà! Bàbá fo ìlà! Ẹ̀yin èèyàn, Bàbá ti fo ìlà! Ayé ti bàjẹ́!"

Ní géètì, Sájẹ́ǹtì, ọlọ́pàá obìnrin gíga kan tó ti ń ṣọ́ ọkọ̀ eérú yẹn fún oṣù mẹ́ta, kò béèrè ọ̀rọ̀. Ó fò wọ ọkọ̀ Bàbá Ìlà nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dúró tán.

"Àwọn ni?"

"Àwọn ni, Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì!"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá!"

Ìlépa bẹ̀rẹ̀! Lẹ́yìn wọn, gbogbo ìlà gbéra, takisí méje, tòun ti iná lójú àti fèrè lẹ́nu, pàà-pàà-pàà! Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, kódà nínú ìlépa, ẹnì kan ò yà sílẹ̀ fún ẹnì kan. Ẹni tó wà nípò kẹta ní ìlà ló wà nípò kẹta lórí eré.

Nínú ọkọ̀ eérú, Jíà bojú wo dígí. "Ọ̀gá, àwọn onítakisí ń lé wa o!"

"Àwọn arúgbó yẹn?" Ẹ-káàbọ̀ tú èébú. "Jíà, ṣé ọkọ̀ ni o ń wà àbí ò ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé? Dákẹ́, yìn wọ́n!"

Dákẹ́ yọ orí lójú fèrèsé. Gbàù! Gbàù!

Gíláàsì iwájú ọkọ̀ Bàbá Ìlà fọ́ yángá. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀, òjò ń wọlé, kò tẹ bíréèkì. Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ síta. Tàù! Ó bá Dákẹ́ ní apá, ìbọn fò lọ sínú koríko, òun náà sì ṣubú padà sínú ọkọ̀, ó ń ké bí ewúrẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀gá rẹ̀ máa sọ fún òun náà pé kí ó dákẹ́.

Jíà tún bojú wo dígí.

Ṣé ẹ rí i, ẹni méjì ló yẹ kó wà lẹ́yìn: Dákẹ́ àti tíṣà.

Ẹni mẹ́ta ni Jíà rí.

Obìnrin kan jókòó sí apá ọ̀tún tíṣà. Amọ̀ bo irun rẹ̀. Ó di ọwọ́ tíṣà mú bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Ojú rẹ̀ wà nínú dígí, ó ń wo Jíà tààrà. Jíà mọ ojú yẹn. Oṣù mẹ́ta ló ti fi ń gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀.

"Awakọ̀," obìnrin náà wí, "ó ku ọkọ̀ mélòó?"

"Yéè! Mo gbé!"

Jíà fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì. Kíììììì! Ọkọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ kòtò, gbòlà!

Kí èéfín tó wálẹ̀, àwọn onítakisí ti yí i ká. Wọ́n fa Jíà jáde, kò bá wọn jà rárá. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà mú òun kúrò nínú ọkọ̀ yẹn. Dákẹ́ ń ké, wọ́n fi okùn dè é bẹ́ẹ̀. Tíṣà nìkan ni nǹkan kan ò ṣe, àní awò ojú rẹ̀ kò yẹ̀.

"Obìnrin kejì ńkọ́?" ló béèrè.

"Obìnrin wo, Màmá?" Sájẹ́ǹtì wo inú ọkọ̀. Amọ̀ tútù wà lórí àga, kò sí èèyàn.

"Èyí tó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù púpọ̀. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ọkọ òun ń bọ̀."

Bàbá Ìlà gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Torí Ẹ-káàbọ̀ ti já! Ó ti gba inú koríko, agbòjò ní apá kan, ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀ ní apá kejì, ó kọrí sí ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan tí wọ́n ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni ibùba wọn. Yàrá ọlọ́dẹ kékeré kan wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa ń pín ẹrù, ó sì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó já sí ọ̀nà mìíràn. Bó bá fi lè wọ ibẹ̀ já, ó di àwátì.

Sájẹ́ǹtì àti Bàbá Ìlà ń lé e bọ̀. Gbàù! Ọta Ẹ-káàbọ̀ fọ́ búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ padà sílé, Bàbá!" ó ń kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ to ìlà yín! Ta ló lè mú èmi? Èmi tí mò ń kí ọlọ́pàá káàbọ̀, tí wọ́n sì ń bá mi ru ẹrù!"

Ó dé ẹnu yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, kíì.

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Àpótí búlúù kan wà nílẹ̀, tó ti di àga ìjókòó fún wọn, aṣọ pupa ṣì wà létí rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o."

Ohùn obìnrin ni. Ohùn ẹni tó ti jókòó deni pẹ́, tó ti rẹ̀. Ohùn ìyá nílé, tó bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún.

Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni ẹnikẹ́ni kò tíì kí i bẹ́ẹ̀ nígbà tó wọlé. Ẹnu rẹ̀ ti là kí ọgbọ́n orí rẹ̀ tó dé.

"Ẹ ṣé o, Mà."

Haà!

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́! Òrùka ìka rẹ̀ tutù bí omi kànga, ó sán, kẹ́ẹ́, ó pín sí méjì, ó bọ́ sílẹ̀.

Níta, Bàbá Ìlà dúró gbọin nínú òjò.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ìwọ ò gbọ́ ni, Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì? Ìwọ ò gbọ́ ohùn rẹ̀?"

"Ohùn ọlọ́ṣà yẹn nìkan ni mo gbọ́. Ó ní, 'Ẹ ṣé o, Mà.' Ta ló ń dá lóhùn?"

Omijé àti òjò ti dàpọ̀ lójú Bàbá Ìlà.

Sájẹ́ǹtì na ìbọn sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìwọ! Jáde síta!"

Ẹ-káàbọ̀ jáde. Ó ń rìn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè.

"Ju ìbọn sílẹ̀."

Pò! Ìbọn bọ́. Òógùn bò ó nínú òjò. "Kì í ṣe èmi o!" ó ń ké. "Ẹsẹ̀ mi ni! Ọwọ́ mi ni! Ẹ gbà mí o!"

Bàbá Ìlà rìn lọ bá a títí ojú wọn fi kan ara wọn. Kò gbá a létí, kò ṣépè.

"Ìyàwó mi dà?"

"Mi ò mọ ìyàwó yí..." Ẹnu Ẹ-káàbọ̀ há. Ó tiraka, ó tiraka, irọ́ kò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè, ó nà sí ẹ̀yìn yàrá.

"Mú wa lọ," ni Bàbá Ìlà wí.

Ó mú wọn lọ. Ní ẹ̀yìn yàrá, kòtò kan wà tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ tẹ́lẹ̀, òkìtì àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sì wà nínú rẹ̀. Ẹ-káàbọ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èékánná rẹ̀ ya. Kò lè dúró.

"Kí ló ṣe fún yín?" Sájẹ́ǹtì béèrè. "Ẹ ti gba ẹrù rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi pa á?"

Ẹnu rẹ̀ dáhùn fúnra rẹ̀. "Ojú rẹ̀ wálẹ̀ kí a tó dé ibi tí a ti máa ń já wọn sílẹ̀. Ó rí ojú mi. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n dá òun padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí n kó gbogbo ẹrù náà, kí n ṣáà dá òun padà. Ó ní òun ti kà á, pé ó ku ọkọ̀ kan péré kó kan ọkọ òun."

Bàbá Ìlà bọ́ sínú kòtò, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àfọ́kù kúrò.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n ti rí i. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Gbogbo ìlà ti dé, takisí méje tò sílẹ̀ lórí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ náà, kò sí ẹni tó pàṣẹ fún wọn. Àwọn awakọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, fìlà lọ́wọ́. Tíṣà wà láàárín wọn, ó gbé àpótí búlúù dání bí ẹni gbé ọmọ, ó ti fi gèlè ara rẹ̀ nu ún mọ́.

Sájẹ́ǹtì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, mo ti pe ọkọ̀ agbókùú. Kò ní pẹ́."

Bàbá Ìlà gbójú sókè. Ọkọ̀ òun, tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ló wà níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ti awakọ̀ tí òun fo ìlà kọjá lọ́sàn-án. Ojú ti Bàbá Ìlà.

"Ìwọ ló kàn," ó wí fún un. "Èmi ni mo rú òfin."

Awakọ̀ náà mi orí. Ó rìn lọ sí ìdí ọkọ̀ Bàbá Ìlà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbayawu, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá àfọ́kù gíláàsì kúrò lórí àga.

"Bàbá," ó wí, "ẹ̀yin ló kàn."

Wọ́n gbé obìnrin náà àti àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá Ìlà jókòó sídìí sítíárìn. Ó bojú wo dígí, kò rí nǹkan kan àfi aṣọ funfun àti àpótí búlúù.

"Ìyá wọn," ó wí, "káàbọ̀. Má bínú pé mo jẹ́ kí o dúró."